Àwòṣe Ìṣirò: Bí Nọ́ńbà Ṣe Ń Tọpa Ooru, Omi àti Òjò

Àwòṣe ìṣirò ni àkójọ òfin díẹ̀ tí a fi nọ́ńbà kọ, tí ó ń sọ bí ohun kan nínú ayé ṣe ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Ohun tí ó ṣe kókó jù lọ ni a máa ń mú sínú rẹ̀, a ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú omi gbígbóná Ìkògòsì ní Èkìtì. Bí a bá bù ú sínú garawa, báwo ni yóò ṣe máa tutù? Ní ọdún 1701, Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé bí ìgbóná ohun kan bá ṣe ju ti afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa yára tutù tó. Ká ní omi wà ní ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí afẹ́fẹ́ wà ní 25, tí a sì gbà pé ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, omi ń pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyàtọ̀ àárín wọn. Ìyàtọ̀ jẹ́ 15. Omi yóò pàdánù 1.5, yóò ku 38.5. Ìyàtọ̀ ti di 13.5 báyìí; omi yóò pàdánù 1.35, yóò ku 37.15. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe é lọ, kọ̀ǹpútà sì lè ṣe é ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láìsinmi.

Ṣùgbọ́n níbo ni ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn ti wá? A kàn fojú dá a ni. Garawa onírin yàtọ̀ sí oníke, afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó dákẹ́. Ẹni tí kò bá wọn ìgbóná omi náà fúnra rẹ̀, kí ó sì tún nọ́ńbà rẹ̀ ṣe títí tí ìṣirò àti òṣùwọ̀n yóò fi bára mu, kò tíì kọ́ iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yá tó.

Ojú ọjọ́ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1961, Edward Lorenz, onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, fẹ́ tún ìṣirò ojú ọjọ́ kan tí ó ti ṣe rí ṣe; ó tẹ 0.506 sínú kọ̀ǹpútà dípò 0.506127, láìpẹ́ àbájáde rẹ̀ sì yapa pátápátá sí ti ìṣáájú. Nítorí èyí ni àwọn tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ lónìí ṣe máa ń ṣe ìṣirò kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n á máa yí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀: bí òjò bá rọ̀ nínú 35 lára ìṣirò 50, wọ́n lè sọ fún àgbẹ̀ pé ìrètí òjò jẹ́ 70 nínú 100.