Ibi tí orúkọ "mínírà" ti ṣẹ̀

Nígbà tí a wà ní kékeré, bí àlejò bá wọlé, mínírà ni wọ́n máa ń rán wa lọ rà fún un. Ó pẹ́ kí n tó béèrè ibi tí wọ́n ti rí orúkọ yẹn. Ìdáhùn rẹ̀ gbé mi dé ìlú kékeré kan ní Jámánì, Bad Pyrmont.

"Bad" yìí, ìwẹ̀ ni lédè Jámánì. Oyè ni fún ìlú tí omi rẹ̀ ń ṣèwòsàn, 1914 sì ni Pyrmont gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ti wà ṣáájú oyè. Gáàsì ló ń gba inú àpáta gòkè wá dàpọ̀ mọ́ omi abẹ́ ilẹ̀. Omi á máa hó bí ẹni pé iná wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ tútù nini ni.

Lọ́dún 1863, nígbà tí wọ́n ń tún ojú ìsun kan ṣe, wọ́n hú ìkọ́ tí àwọn ará àtijọ́ fi ń so aṣọ mọ́ èjìká, owó fàdákà àwọn ará Róòmù, àti ìbumi idẹ kan. Ọrẹ ni wọ́n, tí àwọn èèyàn jù sómi ní ohun tó lé ní 1500 ọdún sẹ́yìn. Títí dòní, ìsun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Hylliger Born, ìyẹn ìsun mímọ́.

Ní 1556, òkìkí kàn pé omi náà ń wo gbogbo àrùn. Èrò ya bò ó láti ìlú òkèèrè. 10,000 ni wọ́n kà wọ́n sí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Àwọn ọba náà tẹ̀lé wọn: Peter ọba Rọ́ṣíà wá mu ún ní 1716. Ẹni tí kò lè wá, wọ́n ń rọ ọ́ sígò ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, owó rẹ̀ sì ga.

Joseph Priestley ló wá ojútùú sí i. Oníwàásù ni, ó tún jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó sì ń gbé nítòsí ilé ìpọntí kan ní Leeds. Ó kíyè sí i pé gáàsì máa ń bo orí àgbá tí ọtí ti ń kan. Ó da omi láti inú ife kan sí òmíràn lókè àgbá náà, omi sì gba gáàsì, ó ń ta lẹ́nu. Ní 1772 ó tẹ ìwé pélébé kan jáde láti fi kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe é, omi Pyrmont gan-an ló sì dárúkọ pé òun ń fara wé. Kò fi ṣòwò. Jacob Schweppe ló sọ ọ́ di òwò, ní Geneva ní 1783, kó tó kó lọ sí London ní 1792.

Omi mínírà, ìyẹn omi tó ní èròjà inú ilẹ̀ nínú, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe omi ìsun bíi ti Pyrmont, wọ́n sì ń pe èyí tí ọwọ́ ṣe náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ṣúgà àti adùn èso wọ inú rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gé "omi" kúrò, wọ́n ń pè é ní mínírà lásán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e wá bá wa.