Kí ló dé tí èérún ara adìyẹ fi ń bọ́ sínú òróró?

Ìbéèrè: Mo fi èérún búrẹ́dì bo adìyẹ, àmọ́ bó ṣe kan òróró ni gbogbo rẹ̀ bọ́. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Omi ni. Adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kì í tètè gbẹ. Bó bá kan òróró gbígbóná, omi ara rẹ̀ á hó, á sì ti èérún dànù bó ṣe ń wá ọ̀nà jáde. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, ẹ yí i nínú fúláwà, ẹ gbọn èyí tó bá pọ̀ jù dànù, kí ẹ tó rì í bọ inú ẹyin. Fúláwà ló ń fa omi tó kù mu, ẹyin tó bá jinná ló ń lẹ èérún mọ́ ẹran. Ẹni tó bá fo fúláwà, iṣẹ́ òfo ló ń ṣe. Tí ẹ bá ti yí i nínú èérún tán, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kó lẹ̀ dáadáa.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni èérún inú páálí? Ó wọ́n ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí.

Ìdáhùn: Rárá o. Búrẹ́dì gígùn àná tó ti le, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ wá gún un, àmọ́ kó má kúnná jù. Èyí tó rí ṣákaṣàka ni a ń rún wómúwómú.

Tèmi o, gàrí ni. Ẹ ra irú gàrí tí wọ́n ń pè ní sohoui ní ọjà Ouando, èyí tó kúnná tó sì gbẹ táútáú. Wọ́n ti yan án tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè gan. Gàrí oníkóóró ńláńlá máa ń le bí òkúta, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Gàrí kì í dúró ìṣẹ́jú 15 bíi búrẹ́dì o: ó ń mu ẹyin, á sì wú. Ẹ dín in kíá.

Ìbéèrè: Ó gan nígbà tí mo kó o jáde, kí ló wá dé tó tún rọ̀?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ pé òróró ò gbóná tó, ìwọ̀n 170 sí 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló dára. Ẹ ju èérún kan sínú rẹ̀: tó bá rì láìhó, ẹ ní sùúrù, tó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ẹ dín iná kù. Ẹ má sì rọ́ ẹran kún ìkòkò, torí ẹran tútù ń mú òróró tutù, èérún á wá máa mu epo. Àmọ́ fífi ìdérí bo abọ́ tí ẹ kó o sí ló ń bà á jẹ́ jù, torí oru rẹ̀ ò ní ríbi jáde. Orí asẹ́ ni kí ẹ kó o sí, kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹja ńkọ́?

Ìdáhùn: Bákan náà ni. Èpìyà inú ọ̀sà tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ ò le láti dín rárá. Itan adìyẹ eléegun ló le, torí èérún á jó kí inú tó jinná. Ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ títí á fi jinná, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì tún nù ún gbẹ.