Bí àjà ọ́fíìsì ṣe di iṣẹ́ olóǹtẹ̀ ní California

Bí wọ́n bá ń jiyàn lórí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé kí ẹni tó ní ìwé-àṣẹ tẹ òǹtẹ̀ lu àwòrán iṣẹ́ ilé ìtajà àti ọ́fíìsì, Illinois ni ọ̀pọ̀ ń dárúkọ. Lóòótọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣòfin ìwé-àṣẹ fún ayàwòrán ilé, lọ́dún 1897. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ayàwòrán ilé lápapọ̀ ni òfin yẹn ń ṣọ́, kì í ṣe àjà. Tó bá di ọ̀rọ̀ àjà, California ni ká lọ, ìmìtìtì ilẹ̀ ló sì kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láyé o. Òfin Hammurabi, ọba Bábílónì àtijọ́, sọ pé bí ilé bá wó pa onílé, kí wọ́n pa ẹni tó kọ́ ọ. Bó bá pa ọmọ onílé, ọmọ ẹni tó kọ́ ọ ni wọn yóò pa. Ó ṣeé ṣe kí irú ìyà bẹ́ẹ̀ mú kí àwọn ọ̀mọ̀lé máa pe àgbà tó mọ ìwọ̀n igi wá kí wọ́n tó gbé òrùlé sókè. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àgbà yẹn ni baba ńlá àwọn olóǹtẹ̀. Àwọn ará Róòmù tiẹ̀ tún súnmọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 27 lẹ́yìn ìbí Kristi, gbọ̀ngàn ìran onípákó tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Atilius kọ́ sí ìlú Fidenae, nítòsí Róòmù, wó lu èrò. Òpìtàn Róòmù kan, Tacitus, kọ ọ́ pé 50,000 ènìyàn ló kú tàbí tó fara pa. Ìgbìmọ̀ aṣòfin wá pàṣẹ pé ẹni tí ohun ìní rẹ̀ kò tó 400,000 sesterces, owó Róòmù, kò gbọdọ̀ gbé irú ìran bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ mọ́, àti pé ilẹ̀ tí wọn kò tíì yẹ̀ wò kò ṣeé kọ́ gbọ̀ngàn sí. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gòkè: mo gbà pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà.

Ní 10 oṣù Kẹta 1933, nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́fà kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lù, ilẹ̀ mì ní Long Beach, ní California. Nǹkan bí ilé ẹ̀kọ́ 70 ló bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọlọ́run ló yọ àwọn ọmọ, wọ́n ti jáde nílé ìwé. Ní 10 oṣù Kẹrin, òfin tí wọ́n ń pè ní Field dé: oníwèé-àṣẹ ni yóò ya àwòrán ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ìpínlẹ̀ yóò yẹ̀ ẹ́ wò, alábòójútó yóò sì máa ṣọ́ iṣẹ́ náà títí yóò fi parí. Orísun rẹ̀ ní California gan-an nìyẹn.

Àjà ọ́fíìsì tí à ń wí yìí dé lẹ́yìn náà: lọ́dún 1961 ni Donald Brown ará Ohio gba ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ lórí àjà tí wáyà gbé rọ̀, tí wọ́n ń to páálí sínú irin rẹ̀ tó rí bíi T. Òkè àjà tiwa, ẹrù là ń kó síbẹ̀. Èyí kò ṣeé gbé nǹkan lé. Ní California kan náà, San Fernando mì lọ́dún 1971, Northridge mì lọ́dún 1994, àjà já lulẹ̀, òfin sì le sí i.

Lónìí, níbi tí ìmìtìtì ti le, àjà tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 144 níbùú lóòró, tí ògiri tó dúró gírí yí ká, kò nílò ìdè. Bó bá ju 1,000 lọ, wáyà mẹ́rin yóò dà gẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin ní ìwọ̀n dígírì 45, pẹ̀lú òpó irin kan tí kò ní jẹ́ kí àjà fò sókè. Bó bá ju 2,500 lọ, wọ́n á pín in, àfi bí ìṣirò ẹnjiníà bá fi hàn pé kò séwu. Wáyà nọ́ńbà 12 ló ń gbé e rọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 4 síra, wọ́n á lọ́ ọ mọ́ra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ínǹṣì 3. Ẹ̀gbẹ́ méjì tó pàdé ni wọ́n ń dè mọ́ ògiri. Méjì yòókù gbọ́dọ̀ fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì jìnnà sí i. Kápẹ́ńtà tó bá dè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ba iṣẹ́ jẹ́: bí ilẹ̀ bá mì, ògiri á ti irin, irin á tẹ̀, páálí á já. Bákan náà ni ẹni tó so wáyà mọ́ páìpù, tàbí tó gbé iná lé irin láìfún un ní wáyà tirẹ̀.

Òfin California gbà kí ẹni tí kò níwèé-àṣẹ ya àtúnṣe inú ilé tí kò kan ìgbékalẹ̀ ilé tàbí ààbò rẹ̀. Pípààrọ̀ páálí kò béèrè òǹtẹ̀. Ó di ti olóǹtẹ̀ bí àjà bá gbé ẹrù wúwo kọ́ igi òrùlé, tàbí bí wọ́n bá fẹ́ tú àjà tó ń dènà iná. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ọsibítù, ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yẹ àwòrán àjà wò.