Síkáànù mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀ tán

Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lẹ́nu àwọn òbí gan-an, pàápàá àwọn tọ́mọ wọn ò ké nígbà tí wọ́n bí i, tí wọ́n ń fi báàgì fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú kó tó mí. Wọ́n á ya síkáànù orí ọmọ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á ní àwọn ò rí nǹkan kan, gbogbo ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ọpọlọ ẹ̀ pé, ó ti parí nìyẹn. Kò tíì parí o. Síkáànù ọjọ́ kìíní ò lè dá ọpọlọ láre, torí nǹkan tí wọ́n ń wá lè máà tíì yọjú rárá.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Tí ọ́síjìn àtẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọpọlọ ọmọ bó ṣe yẹ, bóyá ìwọ́ ló ṣáájú ọmọ jáde ni o, bóyá ibi ọmọ ló ṣí kúrò nínú ilé ọmọ láìtíì tó àkókò, bóyá ilé ọmọ gan-an ló ya, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á kú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn á kọ́kọ́ sọjí tí ọmọ bá ti ń mí, á wá dà bíi pé wọ́n ti bọ́. Tó bá tó nǹkan bíi wákàtí 6 lẹ́yìn ẹ̀, agbára á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tán lára wọn, ìyẹn sì lè máa bá a lọ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, àsìkò yẹn náà ni gìrì sábà máa ń mú ọmọ. Ẹsẹ̀ tó rọ́ láàárọ̀, alẹ́ ló ń wú. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú tí wọ́n fi ń mú ara ọmọ tutù wá sí nǹkan bíi 33.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí 72 fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 6 tó pé. Wọn kì í dúró de MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o, bí ọmọ ṣe ń ṣe, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ẹ̀, àti ẹ̀rọ EEG tó ń ka iná ọpọlọ ni wọ́n ń wò.

Síkáànù tí wọ́n sábà máa ń ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ultrasound ni, èyí tó ń fi ìró ya àwòrán, orí àwùjẹ̀ ọmọ ni wọ́n ń gbé e lé. Ó wúlò dáadáa, wọn ò ní gbé ọmọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, tẹ́jẹ̀ bá dà sínú orí á fi hàn, ṣùgbọ́n ìpalára àìrí ọ́síjìn lára ọmọ tóṣù ẹ̀ pé lè sá pamọ́ fún un pátápátá.

MRI ló ń ríran jù, òun náà sì ní àsìkò tiẹ̀. Àwòrán T1 àti T2, tó jẹ́ àwòrán gbogboogbò, lè mọ́ kedere láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní DWI ló ń tètè rí i, torí bí omi ṣe ń rìn nínú ọpọlọ ló ń wò: sẹ́ẹ̀lì tó bá ti wú, omi ò ráyè rìn níbẹ̀ mọ́. Láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ ó ṣì lè fi ìpalára náà hàn kéré sí bó ṣe jẹ́, nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 5 ló ń hàn jù. Ibi tó wá ń yà mí lẹ́nu rèé: tó bá ti ń tó ọ̀sẹ̀ kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn á ti fọ́, omi á tún ráyè rìn, àwòrán DWI á wá padà dà bíi pé kò sí nǹkan kan, nígbà tó jẹ́ pé ó wà níbẹ̀ digbí! Nígbà yẹn, T1 àti T2 ló kù tó máa tú àṣírí. Ọmọ tí wọ́n bá mú ara ẹ̀ tutù, gbogbo èyí lè pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọsibítù fi ń ṣe MRI lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú ara ọmọ móoru padà, ní bí ọjọ́ kẹrin sí ìkeje.

Ibi tí ojú dókítà ń kọ́kọ́ lọ ni àárín ọpọlọ lọ́hùn-ún, basal ganglia àti thalamus, níbi tí ìdarí ìrìn ara wà. Ìlà funfun kan wà láàárín wọn tó yẹ kó máa tàn lórí T1 ọmọ tóṣù ẹ̀ pé, tí kò bá tàn, ẹ̀rù máa ń ba àwọn dókítà nípa bí ọmọ ṣe máa rìn. Ìpalára tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dé kẹ́yìn, yàtọ̀, ìyẹn lè má hàn lára ọmọ àfi ìgbà tó bá ń kàwé.

Àwọn tó ń bẹ̀rù MRI, kò ní ìtànṣán bíi ti ẹ̀sìréè tàbí CT. Ariwo ló ní. Wọ́n á fún ọmọ lóúnjẹ yó, wọ́n á wé e dáadáa, wọ́n á dí i létí, ọ̀pọ̀ ló máa sùn títí wọ́n á fi ṣe é tán láìgba oògùn oorun.

MRI tó mọ́ ní àsìkò tó yẹ, ìròyìn ayọ̀ gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń wo ọmọ títí á fi tó bí ọdún 2, èyí tí ò dáa tó náà kì í sọ gbogbo bọ́mọ ṣe máa dà. Torí náà, tí wọ́n bá ní síkáànù mọ́, ẹ bi wọ́n pé irú síkáànù wo ni, ọjọ́ mélòó ni ọmọ sì wà nígbà tí wọ́n yà á.