Bí Wáyà Ṣe Ń Di Ìwé Mú

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Tanke, níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin pọ̀ sí, tó ní kí wọ́n bá òun ṣe "sípáírà", ike dúdú eléyín bí ìyarun ni wọ́n máa fi di ìwé rẹ̀. Orúkọ ló ṣì mú un. Sípáírà gan-an ni okùn ike tàbí irin kan ṣoṣo tó ń yí gba inú ihò kọjá bí ejò tó lọ́ mọ́ igi. Wáyà yàtọ̀ sí méjèèjì: irin tín-ín-rín ni, tí wọ́n ti tẹ̀ sí òrùka méjì-méjì wá láti ilé iṣẹ́, tí ẹnu gbogbo òrùka náà ṣì là sílẹ̀. Òun ló sábà máa ń wà lórí kàlẹ́ńdà tí à ń gbé kọ́ ara ògiri.

Ìwé oníwáyà máa ń ṣí balẹ̀, ó sì ṣeé ká sẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó ń tú jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ kò ní ọwọ́ kẹta tí yóò fi di ìwé ìtọ́ni mú. Ike eléyín kò ṣeé ká sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Sípáírà ṣeé ká, àmọ́ tí a bá ṣí i, ewé ẹ̀gbẹ́ kan á ga díẹ̀ ju èkejì lọ, àwòrán tó gba ojú ewé méjì ò sì ní bára mu.

Orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àlàfo bíi mìlímítà 15 yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ihò máa wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin á jẹ lẹ́tà. Tí wọ́n bá sì tẹ ìwé náà tojú-tẹ̀yìn, apá òsì làlàfo ojú àkọ́kọ́, apá ọ̀tún ni ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ní Ìlọrin, tí ìwé àdúà àti ti asalátù ò wọ́n, ìbéèrè kan tún wà tó yẹ ká bi oníbàárà ká tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń lu ihò: ṣé Lárúbáwá ló fi kọ ọ́? Ìwé Lárúbáwá, ọ̀tún la ti ń dì í. Ẹni tó bá gbàgbé tó lu tòsì ti ba tákàdá jẹ́ nìyẹn.

Ìwọ̀n méjì ni ihò ní. Àkọ́kọ́ jẹ́ ihò mẹ́ta nínú ínṣì kan, èyí tó máa ń jẹ́ ihò 34 lórí A4. Ìwé tín-ín-rín ló wà fún, títí dé nǹkan bí ewé 120. Ìwé tó bá nípọn ju ìyẹn lọ ń lo ihò méjì nínú ínṣì kan, 23 lórí A4. Wáyà ọ̀kan ò lè wọ ihò èkejì. Ẹ̀rọ aláfọwọ́tẹ̀ kì í gba ju bí ewé 10 sí 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, torí náà ìwé oníewé 100 gbọ́dọ̀ wọ ẹnu ẹ̀rọ tó bí ìgbà méje sí mẹ́wàá. Ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé, kí wọ́n rọra gbá etí rẹ̀ mọ́ ibi ìdíwọ̀n tó ń dá tákàdá dúró lára ẹ̀rọ. Ìpín kan tó bá yẹ̀ díẹ̀ ti tó: ihò ò ní tò, wáyà ò sì ní wọlé.

Ewé 100 ti tákàdá gíráàmù 80, irú èyí tí wọ́n sábà fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì, nípọn tó bíi mìlímítà 10. Wáyà ìdajì ínṣì, ìyẹn mìlímítà 12.7, ló yẹ ẹ́. Wáyà tó fún jù kì í jẹ́ kí ewé ṣí dáadáa.

Ibi tí ọwọ́ onímọ̀ ti ń hàn ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pa ẹnu wáyà dé. Kí wọ́n tó kó ìwé sórí eyín wáyà, wọ́n á mú èèpo ẹ̀yìn, wọ́n á gbé e lé orí èèpo iwájú. Ó máa ń ya ẹni tó kọ́kọ́ rí i lẹ́nu. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti tẹ ẹnu wáyà pa, wọ́n á yí èèpo náà padà sí àyè rẹ̀, ojú ibi tí irin ti pàdé á wá fara pamọ́ sáàárín ewé ìkẹyìn àti èèpo. Ìwé tí ojú ìpàdé rẹ̀ bá hàn síta, ẹni tó dì í ò kọ́ iṣẹ́ tán. Títẹ̀ náà ní ìwọ̀n: tí kò bá tó, ewé á máa yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá pọ̀ jù, òrùka á fẹ̀ gbọọrọ bí ẹyin, ewé á máa há.

Tí ẹrù bá ń lọ sí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, kí wọ́n to ìwé náà lórí-lódì, kí ẹ̀yìn ọ̀kan kọjú sí etí èkejì, kí wọ́n má sì gbé àpò gàrí lé e. Ike tó bá tẹ̀ lè padà sípò. Wáyà tó bá ti wó, ó ti wó.

Oníbàárà kan lè padà wá lọ́jọ́ kejì: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé kan ló kù." Tó bá jẹ́ ike eléyín ni, wọ́n á là á, wọ́n á fi ewé náà sí i, ó parí. Wáyà, ńṣe ni wọ́n á gé e jù nù. Ihò ṣì wà níbẹ̀, ewé tuntun nìkan ni wọ́n máa lu, kí wọ́n tó fi wáyà mìíràn dì í, owó wáyà yẹn ni oníbàárà á sì san.