Ẹ má bẹ̀rẹ̀ crossword láti Ìbú 1

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ka ti òṣèlú àti ti bọ́ọ̀lù tán nínú ìwé ìròyìn kí ojú wọn tó bọ́ sórí crossword, eré ọ̀rọ̀ tí à ń fi lẹ́tà ìdáhùn ìbéèrè kún inú àpótí. Wọ́n á mú bírò, wọ́n á ka Ìbú 1, ìyẹn ìbéèrè àkọ́kọ́ fún ọ̀rọ̀ tó lọ láti òsì sí ọ̀tún, kò ní yé wọn. Wọ́n á ka Ìbú 5, òun náà á ṣú wọn lójú. Ni wọ́n á bá ká ìwé ìròyìn náà, wọ́n á ní àwọn tó kàwé jù ló ni ín. Èmi tí mo ń ṣe é lójoojúmọ́, tí mo sì ń to ti ìwé ilé ìjọ wa, mò ń sọ fún yín pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe iye ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ mọ̀ ló ń parí crossword. Ibi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé ni iṣẹ́ wà.

Nínú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe, kò sí àpótí funfun kan tí kì í sin ọ̀gá méjì: ọ̀rọ̀ kan gba ibẹ̀ kọjá ní ìbú, òmíràn gba ibẹ̀ kọjá ní òró, látòkè sísàlẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹlẹ́rìí méjì.

Ẹ jẹ́ ká mú igun kékeré kan tí mo tò fúnra mi, àpótí mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní òró. Gẹ̀ẹ́sì ni ìdáhùn, ṣùgbọ́n mo fi Yorùbá béèrè. Ní ìbú: 1, akọrin tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, 5, ewéko tí wọ́n ń fi sínú ọṣẹ àti ìpara, 6, àfojúdi, 7, àwọn nọ́ńbà tó wà lápá ọ̀tún pátápátá bí a bá ń ṣírò. Ní òró: 1, oúnjẹ funfun tí wọ́n ń rí nínú igi ọ̀pẹ kan, 2, orúkọ àkọ́kọ́ Turing, 3, owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, 4, àwọn ẹja tó rí bí ejò.

Ẹ fi Ìbú 1 sílẹ̀ ná. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí ẹ mú èyí tó dá yín lójú. Ẹni tó bá ti kọ́ nípa kọ̀ǹpútà á ti gbọ́ orúkọ Turing, onímọ̀ ìṣirò tó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tú àṣírí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. ALAN ni. Ẹ kọ ọ́ sí Òró 2. Ẹ wò ó: gbogbo ọ̀rọ̀ ìbú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ní lẹ́tà kejì báyìí, ẹ ò sì tíì dáhùn ọ̀kankan nínú wọn. Ìbú 5 ti ní L nípò kejì, ewéko inú ìpara ni wọ́n sì ń wá. Ẹ bi ìyá oníṣòwò ìpara ní ọjà, á dá yín lóhùn: ALOE.

Èyí tó kàn ni mo fẹ́ràn jù. Òró 4 ní "àwọn ẹja", Ìbú 7 ní "àwọn nọ́ńbà". Ọ̀pọ̀ ni méjèèjì, S ló sì sábà máa ń parí ọ̀pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àpótí kan náà, ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ni àwọn méjèèjì parí sí. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ S síbẹ̀ láìtíì mọ ìdáhùn kankan. Ẹja náà ti ní E nípò kejì látara ALOE, ó sì ní S níparí: EELS. Àwọn nọ́ńbà ti ní N àti S: ONES. Owó aláìníṣẹ́ wá di O nípò kejì, E níparí. DOLE nìyẹn.

Ní òkè, ADE ti jókòó pa pọ̀ lẹ́yìn àpótí kan tó ṣófo. Ó lè jẹ́ JADE, ó lè jẹ́ MADE, ó lè jẹ́ WADE. Ṣùgbọ́n akọrin ọmọ Ìbàdàn ni, ìyẹn Folásadé Adú tí wọ́n bí ní 1959, tí gbogbo ayé mọ̀ sí SADE. Àwọn tó ń to crossword l'Ámẹ́ríkà kì í fi orúkọ yìí ṣeré. Ìbú 6 ti di ALL pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo níwájú: BALL, CALL, HALL, GALL. GALL ni wọ́n ń pe òróòro ní Gẹ̀ẹ́sì, òun náà ni wọ́n ń pe àfojúdi. Ó tán. Ẹ wá wo Òró 1, tí a ò tíì fọwọ́ kàn rárá: S, A, G, O. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò jẹ sago rí, kí ẹ má tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ ti kọ ọ́ pé pérépéré.

Ohun tí S yẹn ṣe fún wa, gbogbo ìbéèrè ló ń ṣe é bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn. Òfin de ẹni tó ń tò ó: bí ìbéèrè bá ṣe rí ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ rí. Ohun tó ti kọjá sábà máa ń parí sí ED. Bí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ kúrú nínú ìbéèrè, ìdáhùn náà á jẹ́ àgékúrú. Bí wọ́n bá dárúkọ Paris láìnídìí, ẹ wá ọ̀rọ̀ Faransé. Àmì ìbéèrè níparí ń kìlọ̀ fún yín pé ẹni tó tò ó ń ṣàwàdà, kí ẹ má gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Èyí tó ní àlàfo, irú bíi "Salt ___ City" tí LAKE máa dí, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá kiri, nítorí òun ló rọrùn jù.

Ẹ ó tún rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ kan kì í kúrò níbẹ̀: ERA, AREA, ẹyẹ EMU, fèrè OBOE, adágún ERIE, bisikíìtì OREO, òṣèré UZO Aduba. Ìdí rẹ̀ kò jinlẹ̀. Bí mo bá ń to crossword, tí igun kan há mọ́ mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí fáwẹ́lì pọ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń yọ mí. Gbogbo wa là ń sá lọ sídìí wọn. Ẹ máa kọ wọ́n sínú ìwé kan bí ẹ bá ti ń bá wọn pàdé.

Ọjọ́ tí ẹ bá mú náà ṣe pàtàkì. Ní New York Times, ti Mọ́ńdè ló rọrùn jù, ó ń le sí i títí dé Sátidé tó le jù lọ. Ti Sọ́ńdè kàn tóbi ni, àpótí 21 sí 21 dípò 15 sí 15. Ìwé ìròyìn yìí kan náà ló fi crossword ṣẹ̀sín ní 1924, pé ìfàkókòṣòfò ni, ọdún 11 lẹ́yìn tí Arthur Wynne, ọmọ Liverpool, gbé àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn New York World. Ní 1942 ni New York Times náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde. Wọn ò tíì dáwọ́ dúró.

Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní cryptic yàtọ̀ pátápátá, àlọ́ àpamọ̀ ló jọ. Bí a bá ní òkun ń hó yeè, ọ̀sà ń hó yeè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó ń ronú òkun. Orógùn là ń wá. Ẹ wo èyí: "Goals scattered in African city (5)". Iye lẹ́tà inú ìdáhùn ni 5 yẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò kan bọ́ọ̀lù rárá. Ìtumọ̀ gidi máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí, kì í sí láàárín. Níbí, ìparí ló wà, ìlú kan ní Áfíríkà. "Scattered" ń pàṣẹ pé kí ẹ tú lẹ́tà inú "goals" ká, kí ẹ tún un tò. LAGOS. Ní oṣù kìn-ín-ní 1942, Daily Telegraph ní Lọ́ńdọ̀nù pe àwọn òǹkàwé rẹ̀ wá díje, pé kí wọ́n parí ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú 12. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ránṣẹ́ sí díẹ̀ lára wọn fún iṣẹ́ ìtúmọ̀ àṣírí ogun. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ti Mọ́ńdè yẹn dáadáa ná.

Àwọn kan ní ẹni tó bá wo Google ti jalè. Èmi ò gbà. Bí wọ́n bá béèrè agbábọ́ọ̀lù baseball kan tó ti kú kí wọ́n tó bí yín, ẹ wò ó, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ibi tí ẹ ò bá ti fẹ́ wò ó ńkọ́, tí orúkọ èèyàn méjì tí ẹ ò mọ̀ pàdé nínú àpótí kan ṣoṣo? Ẹ wo lẹ́tà tó yí i ká. Bí kọ́ńsónáǹtì bá wà lọ́tùn-ún àti lósì, a jẹ́ pé fáwẹ́lì ló sábà máa ń wà láàárín. Ẹ kọ́kọ́ dán A wò, lẹ́yìn náà E, lẹ́yìn náà O. Bí kò bá sí èyí tó jọ orúkọ nínú wọn, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Ìwé ìròyìn ọ̀la á gbé ìdáhùn jáde.