Ẹni Tí Kò Jẹ Gbèsè Rí Kò Ní Ẹlẹ́rìí: Ọ̀rọ̀ Àwìn ní Ìlú Ọba

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé Manchester ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta fóònù. Irú èyí tí wọ́n máa ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù ni mo fẹ́. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn gba orúkọ mi, ọjọ́ ìbí mi àti ibi tí mo ń gbé, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó dúró, ó tún un tẹ̀. Ó wá ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀. Wọn ò gbà á. Mo ní kí ni wọn ò gbà? Owó ilẹ̀ tí mo tà ní Ìkòròdú ṣì pé nínú báńkì, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, mi ò sì jẹ gbèsè rí láyé mi. Bí mo ṣe ń rò ó ló ń mi orí. Mo bínú jáde, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kejì, mo wọ ìkẹta. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Nígbà tí mo délé, tí mo rò ó fún àǹtí mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. "Gbèsè tí o ò jẹ rí yẹn gan-an ló dá ọ dúró. O tún wá wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo!" Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Ohun tó wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé wọ ọkọ̀ òfurufú: pé ẹni tí kò jẹ gbèsè ni ẹni iyì, àti pé báńkì níbikíbi láyé yóò rí i bẹ́ẹ̀. A kì í kúkú ṣe òmùgọ̀. Ojú ilé wa ti rí nǹkan lórí gbèsè. Láyé àtijọ́, ẹni tí ò rí owó san lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, kó máa bá olówó ṣiṣẹ́ títí owó yóò fi pé, iṣẹ́ náà ò sì ní yọ nínú owó tó jẹ. Èlé lásán ni. Olówó tí sùúrù rẹ̀ bá tán lè rán ológò lọ dógò ti onígbèsè: á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo, á máa mú adìyẹ ilé pa jẹ, ìtìjú á sì bo gbogbo agboolé. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, kí ló sọ wọ́n ní òṣómàáló? Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi. Ẹni tí wọ́n fi irú ìtàn báyìí tọ́ dàgbà, tó tún rí "Àwìn dọ̀la" lára ògiri ṣọ́ọ̀bù gbogbo, kò sí bí kò ṣe ní máa sá fún gbèsè.

Ní Ìlú Ọba, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà mọ ẹni tí wọ́n lè fọkàn tán. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló gbajúmọ̀ níbi kíkọ bí olúkúlùkù ṣe ń san àwìn sílẹ̀: Experian, Equifax àti TransUnion. Àwọn báńkì, ilé iṣẹ́ fóònù àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta iná àti gáàsì ló ń ròyìn fún wọn. Bí ẹ bá wá tọrọ àwìn tuntun, ẹni tó fẹ́ yá yín lówó á yẹ ìwé yín wò. Iye owó oṣù yín ò sí nínú ìwé náà, ìyẹn wọ́n á bi yín léèrè lọ́tọ̀. Owó tí ẹ fi pamọ́ ò sí níbẹ̀. Ilé tí ẹ kọ́ sí Mowe ò sí níbẹ̀ rárá. Àdéhùn ló wà níbẹ̀: ẹni yìí ní òun á san iye báyìí lọ́jọ́ báyìí, ṣé ó san án? Ojú ewé ẹni tí kò gba àwìn rí, funfun báláú ni. Wọn ò pè yín lólè o. Wọn ò rí ẹni tó máa jẹ́rìí yín ni.

Àkọsílẹ̀ ti Nàìjíríà kì í sábà bá èèyàn dé ibẹ̀. BVN tí gbogbo báńkì ilé fi ń dá yín mọ̀, nọ́ńbà lásán ni lójú wọn níbí. Ẹni ogójì ọdún tó ti ṣe ọ̀gá ní báńkì l'Ékòó àti ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ní Leeds, ìlà kan náà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti àjọ. Àǹtí mi àti àwọn obìnrin mẹ́sàn-án kan ń dá 200 pọ́n-ùn lóṣooṣù, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹnì kankan ò sì tíì yẹ̀ rí. Tí wọ́n bá ní kí n tọ́ka sí ẹni tó ṣeé yá lówó láyé yìí, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni n ó tọ́ka sí. Síbẹ̀, kò sí ìlà kan ṣoṣo nípa àjọ náà nínú ìwé Experian. Èsúsú tó bá àwọn èèyàn wa ré òkun dé Trinidad, tí wọ́n ṣì ń pè ní sou-sou níbẹ̀ títí dòní, kọ̀ǹpútà báńkì ò mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ Nàìjíríà kan àti ẹnìkejì rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Esusu, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí owó ilé tí ayálégbé ń san déédéé lè wọ inú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Orúkọ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, inú mi sì máa ń dùn sí i.

Tí ọ̀rọ̀ yìí bá yé èèyàn tán, kòtò kejì ló máa ń já sí. Wọ́n á ní, ó dáa, ẹ jẹ́ ká kúkú jẹ gbèsè. Ẹnì kan á sì sọ fún yín, nínú ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi ìkómọ, pé kí ẹ má máa san owó káàdì àwìn (credit card, èyí tí báńkì fi ń yáni lówó ra ọjà) tán, pé kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ kí báńkì lè rí èlé jẹ, pé ìyẹn ló ń gbé orúkọ yín ga. Irọ́ ni. Ẹni tó san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó san, kò sì ní san èlé kankan lórí ọjà tó fi káàdì rà. Káàdì tí wọ́n máa ń fún àwọn tí ìwé wọn ṣófo, èlé rẹ̀ sábà máa ń tó 30 nínú 100 lọ́dún, tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó wá ń san ìwọ̀nba tó kéré jù tí wọ́n ní kó san lóṣooṣù, ìwọ̀fà káàdì ni: èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń san, èlé ló ń bá a lọ, owó gan-an ṣì jókòó síbẹ̀.

Ohun tí àǹtí mi ní kí n ṣe ò le rárá. Ó ní kí n gba káàdì kékeré kan, kí n máa fi ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú oṣù, kí n sì ṣètò Direct Debit tó máa san gbogbo owó náà tán fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀nba. Lẹ́yìn náà, kí n gbàgbé káàdì sínú dúrọ́ọ̀. Ó kìlọ̀ ohun kan fún mi lẹ́ẹ̀mejì: mi ò gbọdọ̀ fi í gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM láéláé. Ọjọ́ tí èèyàn bá gba owó náà ni èlé rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún yọ owó iṣẹ́ lórí rẹ̀, ó sì máa ń hàn nínú ìwé lójú ẹni tó bá fẹ́ yáni lówó pé ọwọ́ ẹni náà ti há. Bí wọ́n bá pè yín láti ilé pé ìsìnkú dé, káàdì yìí kọ́ ni kí ẹ nawọ́ sí.

Ìdìbò wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú, mo sì rò pé òun ló rọrùn jù tí àwa ọmọ Nàìjíríà kì í sì í lò. Nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú físà tó tọ́, ìbáà jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Orí ìkànnì gov.uk ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, kò sì gba àkókò. Àwọn tó ń yáni lówó máa ń wo ìwé olùdìbò láti fi mọ̀ pé ibi tí ẹ ní ẹ ń gbé lẹ ń gbé lóòótọ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé wọ́n fẹ́ fi fà mí lé àwọn aṣọ́bodè lọ́wọ́ ni. Ó ṣeni ní kàyéfì o: tí ará Ìmẹ̀kọ àti ará Kétu bá jọ ń gbé ní England, tí kálukú gbé ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè tirẹ̀ dání, ará Ìmẹ̀kọ lè forúkọ sílẹ̀, ará Kétu ò lè ṣe é, torí orílẹ̀-èdè Benin tí Kétu wà ò sí nínú Commonwealth. Bẹ́ẹ̀, ẹnubodè lásán ló là wọ́n láàárín.

Ọ̀pọ̀ wa ló kọ́kọ́ ń wọ̀ sọ́dọ̀ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́, ibẹ̀ ni irọ́ mìíràn ti ń yọjú: pé ilé kan wà tó ti "bàjẹ́", pé ẹni tó gbé yàrá náà ṣáájú yín jẹ gbèsè sá lọ, gbèsè rẹ̀ á sì ràn yín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn ni wọ́n ń kọ ìwé lé lórí, kì í ṣe ilé. Ìgbéyàwó gan-an kì í so ìwé ọkọ pọ̀ mọ́ ti aya. Ohun tó ń so ó pọ̀ ni kí ẹ jọ ṣí àpamọ́ owó kan ní báńkì, tàbí kí ẹ jọ yá owó ilé. Ẹ wá fi ti "bá mi fi orúkọ rẹ gba fóònù yìí, èmi ni n ó máa san án" wé e. Ẹni tó bá yín sọ ọ́ lè jẹ́ ọmọ ìyá yín. Ṣùgbọ́n àdéhùn tẹ́ ẹ tọwọ́ bọ̀ ti di tiyín. Oṣù tí kò bá rí owó san, orúkọ yín ni yóò kù sínú ìwé, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún 6. Onídùúró nílé ń ní ẹni tó máa bá pín ìtìjú. Níbí, ẹ̀yin nìkan ni.

Ọdún 6 yẹn ò kéré. Owó iná tí ẹ gbàgbé nígbà tí ẹ ń kó kúrò ní yàrá kan sí òmíràn (àlejò sì ni, kò ní yé kó kiri), lẹ́tà rẹ̀ á máa lọ sí ilé àtijọ́, títí ọ̀rọ̀ á fi dé kóòtù láìjẹ́ pé ẹ gbọ́. Bí kóòtù ní England tàbí Wales bá dá ẹjọ́ pé ẹ jẹ ẹ́, CCJ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bí ẹ bá san gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù kan, wọ́n á pa á rẹ́. Bí oṣù kan bá kọjá, ọdún 6 náà ló tún di. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá kó lọ, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tí ẹ ń san owó fún. Wọn kì í kúkú ti èèyàn mọ́lé lórí gbèsè káàdì. Òfin 1869 ti fòpin sí ẹ̀wọ̀n fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Tí ọrùn bá sì ti wọ gbèsè tán, StepChange àti Citizens Advice máa ń dáni nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má fowó fún oníjìbìtì orí WhatsApp tó ní òun á "fọ ìwé yín mọ́".

Ẹ lè wo ìwé yín fúnra yín. Ọ̀fẹ́ ló jẹ́ láti 2018, wíwò tí ẹ bá wò ó kì í sì í bà á jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni èyí tí mo ṣe lọ́jọ́ náà: gbogbo ìgbà tí ẹ bá tọrọ àwìn tí wọ́n sì yẹ ìwé yín wò dáadáa, àmì rẹ̀ á wà níbẹ̀, ẹni tó kàn á sì rí i. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta láàárín wákàtí méjì! Lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tí ebi ń lé kiri ni mí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń yáni lówó ní ibi tí ẹ ti lè kọ́kọ́ mọ̀ bóyá wọ́n á gbà yín, tí kò ní fi àmì kankan sílẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kọkànlá ni mo tó padà sí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin ọjọ́sí ti kúrò níbẹ̀, ọmọbìnrin kan ló dá mi lóhùn. Ó tẹ orúkọ mi, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n gbà á, èwo ni mo fẹ́ nínú àwọn fóònù olówó gọbọi tó tò sẹ́yìn rẹ̀? Mo ní tòkunbọ̀ tí mo fi owó pọ́nbélé rà ṣì ń ṣiṣẹ́ lápò mi. Káàdì SIM ti pọ́n-ùn mẹ́jọ lóṣù ni mo bá wá.